Ilẹ̀kùn Ẹ̀yìn Là Ń Gbà Báyìí

Bàbá mi, bíríkìlà Ọjà'ba,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Inú mi ń dùn lónìí, ẹ̀yin ni mo sì fẹ́ kọ́kọ́ sọ fún. Àwọn alápàándẹ̀dẹ̀ yín ti pamọ! Ọmọ mẹ́rin ni, lókè ilẹ̀kùn iwájú, níbi tí wọ́n máa ń kọ́lé sí láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹnu nìkan là ń rí nínú ìtẹ́.

Ṣé ẹ rántí ìṣe yín? Ọjọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ gbé ẹrẹ̀ dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ óò fi èédú fa ìlà sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ẹ óò kọ ọjọ́ àti oṣù sí i. Títí ọmọ wọn yóò fi fò, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ gba iwájú mọ́. Lèmọ́mù pàápàá gba ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgò adìyẹ. Ọ̀gá yín lẹ máa ń pè wọ́n, torí wọ́n ń mọlé láìní irinṣẹ́ kankan lọ́wọ́. Kí ló dé tí mi ò sọ fún yín rí pé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yẹn ló sọ mí di olùkọ́ ìmọ̀ ẹyẹ ní yunifásítì? Ó dùn mí.

Bàbá, iṣẹ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Ìwé ìdánwò kì í tán nílẹ̀; kíláàsì tó yẹ kí ẹni mẹ́ta pín kọ́, èmi nìkan ni. Lọ́jọ́ kan mo dúró níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́, orúkọ ẹyẹ tí mo fẹ́ dá kò wá sí mi lẹ́nu. Mo lọ jókòó sínú mọ́tò, mo sunkún. Mo kọ ìwé pé mo fiṣẹ́ sílẹ̀, mo fi sí báàgì, mo ní kí n kọ́kọ́ wálé wá kun ilé fún àdúà ìrántí ọdún tí ẹ papòdà, kí n tó fi í ránṣẹ́.

Ibẹ̀ ni mo ti ṣìṣe. Mo ní kí ọkùnrin tó ń kunlé họ ìtẹ́ àtijọ́ náà dànù, pé àwọn ẹyẹ ò tíì ń bọ̀. Mi ò wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ká ní mo wò ó ni, ìlà yín ìbá fi hàn mí pé ọdọọdún ni wọ́n ń tètè dé sí i. Lọ́jọ́ kejì òjò rọ̀, ẹyẹ méjì sì dé, wọ́n ń yí ibi tí ilé wọn wà tẹ́lẹ̀ po. Ìyá Mápó, àbúrò yín, rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

"Háà, olùkọ́ ẹyẹ ló fọ́lé ẹyẹ! Kí bàbá ẹ má gbọ́ o!"

Èmi náà bú sẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀.

Àwọn ẹyẹ náà tún ilé wọn kọ́. Gọ́tà iwájú ilé ni wọ́n ti ń bu ẹrẹ̀. Bí ti àárọ̀ ò bá tíì gbẹ, wọ́n á fò lọ ṣeré lókè Mápó. Mo jókòó sórí àga yín, mi ò mú bírò. Ṣebí ẹ̀yin náà kì í mọ ipele kejì kí ti àkọ́kọ́ tó gbẹ? Ẹ ó jókòó, ẹ ó máa jẹ ẹ̀pà. Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé ẹyẹ kì í yé yíká ọdún, mi ò fetí ara mi gbọ́ ọ.

Mo tọrọ ìsinmi ọdún kan, wọ́n sì ti fún mi. N óò padà, torí mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Mo ti fi èédú fa ìlà ọdún yìí sábẹ́ tiyín. Ìwé tí mo fi ń fiṣẹ́ sílẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ń kọ èyí sí.

Èmi ni o, ọmọbìnrin yín, tó tún ti ń gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wọlé.