Òdo Nínú Yàrá Kẹrin

Ọjọ́ Ajé, 7 oṣù Keje, 2025
Mo parí kóòdù yàrá òtútù tí a ń ṣe fún Alhaja Modinat, ẹlẹ́ran Oko Ọba. Yàrá mẹ́rin, bọ́ọ̀dù kan tó ń darí òtútù gbogbo wọn. Aláròyé — kọ̀ǹpáílà tó ń yẹ kóòdù wò ni mo sọ bẹ́ẹ̀ — tún bẹ̀rẹ̀ ìkìlọ̀: pé pointer (atọ́ka) tí mo fi ránṣẹ́ kọ́ ni function, abala kóòdù tó ń ka ooru, ń retí. Bọ̀dá Suara, mẹkáníìkì fíríìjì wa, bi mí pé kí ló ń sọ. Mo ní kò sí nǹkan kan. Mo kọ cast kan sí i, àṣẹ tó ń fipá mú un gbà. Ó dákẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 10
A gbé bọ́ọ̀dù náà lọ sọ́dọ̀ Alhaja. Alhaja ṣàdúrà fún mi títí.

Ọjọ́ Àìkú, 13
Ẹran yàrá kejì àti ìkẹrin ti rà. Ti ìkẹta dì gan-an bí òkúta. Bẹ́ẹ̀ òdo ni bọ́ọ̀dù ń kà fún yàrá kẹrin láti Ọjọ́bọ̀, bíi pé ó tutù dáadáa.

Ọjọ́ Ajé, 14
Mrs. Ìbílọlá, ọ̀gá wa, ní Bọ̀dá Suara ni kò ṣe gáàsì re. Wọ́n ní kí Bọ̀dá máa lọ sílé. Mo wà níbẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 15
Mo yọ cast yẹn. Mo wá ka ìkìlọ̀ náà dópin. Array, ọ̀wọ́ nọ́ńbà ooru àwọn yàrá náà, kì í wọ inú function. Àdírẹ́sì ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ nìkan ló ń lọ. Irú pointer ló ń sọ bí ẹsẹ̀ ṣe máa gùn tó láti nọ́ńbà kan sí èkejì. Nọ́ńbà mi jẹ́ int, báìtì mẹ́rin-mẹ́rin. Function ń retí short, méjì-méjì. Ìdajì ìṣísẹ̀ ló ń gbé. Ìdajì tó ṣófo nínú nọ́ńbà ló ń kà sí òdo fún yàrá kejì àti ìkẹrin, tó wá ń fi ooru yàrá kejì darí ìkẹta.
Èmi ni. Gáàsì kọ́.

Ọjọ́rú, 16
Mi ò tíì sọ.

Ọjọ́bọ̀, 17
Bọ̀dá Suara pè mí. Wọ́n ní kí n bá àwọn bẹ ọ̀gá. Èmi ni wọ́n ń bẹ̀!

Ẹtì, 18
Mo jẹ́wọ́ fún ọ̀gá. Wọn ò pariwo. Wọ́n ní kí n fúnra mi lọ pe Bọ̀dá Suara padà.

Àbámẹ́ta, 19
Abúlé Ẹ̀gbá, ilé Bọ̀dá Suara. Mo sọ gbogbo rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n pe ìyàwó wọn, Sùlíyá, ẹgbẹ́ mi.
Bọ̀dá ní, “Ẹnjiníà, ẹ tún un sọ.”
Mo tún un sọ. Sùlíyá bi mí bóyá ọwọ́ ọkọ òun ò sí níbẹ̀ rárá. Mo ní kò sí.
Ló bá kúnlẹ̀, fún ọkọ rẹ̀, níwájú mi. Ó ní kó má bínú, òun ti sọ fún àwọn ará ilé òun pé oorun ni ọkọ òun sùn lẹ́nu iṣẹ́ tí wọ́n fi lé e.
Bọ̀dá fà á dìde. Wọ́n ní àwọn á padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé. Mo ṣì wà lórí ìdúró. Kò sẹ́ni tó ní kí n jókòó.