Tíì Afọnúmọ́ àti Oògùn Mi

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́

Ara mi ò lélẹ̀. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo ti ń mu tíì afọnúmọ́ tí Ìyá Sékínà, aládùúgbò wa, tà fún mi, kí ikùn mi lè wálẹ̀. Ìgbẹ́ gbuuru ni mo ń yà ṣáá. Mi ò fo oògùn ìfètòsọ́mọbíbí mi rí, àmọ́ ó wá sí mi lọ́kàn lónìí pé bóyá tíì yẹn ń gbá a jáde.

Mo yà sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì ní Ìyànà-Ìbá.

"Ìyá Àánú, tí ìgbẹ́ bá pọ̀ báyìí, oògùn yẹn lè má ṣiṣẹ́. Ṣé ẹ̀yin àti ọkọ yín ti jọ sùn?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo bi í bóyá oògùn mìíràn wà tí mo lè lò báyìí kí n má bàa lóyún. Ó ní ó ti pẹ́ jù, kí n dúró de nǹkan oṣù mi.

Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé Àánú jáde. Dókítà ní oyún mìíràn báyìí lè pa mí. Ọmọ náà ò tíì rìn.

Mo sọ fún Bàbá Àánú. Ó gba ọmọ lọ́wọ́ mi, ó jókòó tì mí.

Ìbá tiẹ̀ bú mi.