Òǹtẹ̀ Tí Mo Ní Mo Ti Jù Síná

Àbíkẹ́yìn mi,

Òǹtẹ̀ tí o fi ìsàlẹ̀ bàtà mi gbẹ́ nígbà tí o wà ní kíláàsì karùn-ún, èyí tí o gbẹ́ ojú mi sí, tí o sì kọ "Ọ̀GÁ" sábẹ́ rẹ̀, tí mo gbà lọ́wọ́ rẹ níwájú gbogbo ilé ìwé, tí mo sọ fún ọ pé mo ti jù síná, n kò jù ú síná. Irọ́ ni mo pa. Inú kọ́bọ́ọ̀dù mi ló wà láti ọjọ́ náà, òun àti ọ̀bẹ kékeré tí o fi gbẹ́ ẹ. Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ àpótí yìí ti bẹ̀rẹ̀ ni mo ti fẹ́ sọ ọ́ fún ọ lórí fóònù, ṣùgbọ́n bí mo bá ti la ẹnu, bóyá òjò rọ̀ lọ́dọ̀ yín ni mo máa ń béèrè.

Mo mọ̀ pé wọn kì í bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà báyìí. Èmi tí mo kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ pé ìkíni ló ń ṣíwájú, mo ti gbé ìrù síwájú, mo gbé orí sẹ́yìn. Ẹrù náà ló wọ̀ mí lọ́rùn, mo ní kí n kọ́kọ́ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Jẹ́ kí n wá kí ọ báyìí. Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ikọ́ ọkọ rẹ ti lọ? Ẹsẹ̀ tí o fi ń rìn kiri kò ní kọ òkúta, ibi tí o bá sì ti ń wá ire, ire náà yóò ti jókòó dè ọ́ níbẹ̀. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ, pé orókún òun ti ń dẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ni kò tíì dẹ̀. Bá mi máa ṣọ́ owó àwọn ènìyàn dáadáa ní báńkì yín, má jẹ́ kí wọ́n dà wọ́n pọ̀ mọ́ra. Èyí tí mo fi síbẹ̀ kẹ́yìn, igun rẹ̀ kan ya díẹ̀, mo fi gúlúù lẹ̀ ẹ́. Bí wọ́n bá gbé òmíràn fún mi, n ó mọ̀.

Ohùn rẹ tí o fi ránṣẹ́ sínú fóònù dé ọwọ́ wa. Mo fẹ́ bá ọ wí lórí rẹ̀. O ní ẹ káàárọ̀ o bàbá, ṣé ẹ sùn dáadáa, mo ní a dúpẹ́, kí n tó béèrè ọkọ rẹ, o ti bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn. Mo tún un tẹ̀, mo tún dáhùn, o tún já lu ọ̀rọ̀ mi. Mo ní ìlú ńlá ti ba ọmọ yìí jẹ́, kò ní sùúrù fún àgbà mọ́. Ìyá rẹ ló wọlé bá mi níbi tí mo ti ń bá fóònù jà, ó ní Ọ̀gá Ilé Ìwé, ohùn lásán nìyẹn o, ẹni tó ni ín ti lọ sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ tipẹ́. Mo wá dákẹ́, mo sì gbọ́ ọ délẹ̀.

O ní ìwọ àti àwọn kan tí ẹ jọ máa ń rìn gbafẹ́ ń wá àpótí kiri. Ẹnì kan á fi ìwé kékeré àti òǹtẹ̀ tó fọwọ́ gbẹ́ sínú àpótí tí omi kò lè wọ̀, á gbé e pamọ́ síbì kan, á wá kọ ọ̀rọ̀ àdììtú tó júwe ibẹ̀. Ẹni tó bá rí i á fi òǹtẹ̀ inú rẹ̀ tẹ ìwé tirẹ̀, á fi òǹtẹ̀ tirẹ̀ tẹ ìwé inú àpótí, á sì dá a padà síbi tó ti bá a. Mo bi ìyá rẹ pé kí ni ẹ̀bùn ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i. Ó ní o ní kò sí. Ta ni yóò máa máàkì í? Kò sí. Mo rò ó títí, kò yé mi. Ṣùgbọ́n o ní kí n ṣe ọ̀kan fún abúlé wa, kí ó jẹ́ àkọ́kọ́ lágbègbè yìí, pé ìwọ àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ yóò wá wá a nígbà ìsinmi, ẹ ó sì sùn sílé wa. Ọmọ mi, láti ìgbà tí o ti ṣègbéyàwó, o kì í sùn sílé wa. O máa ń wá, o máa ń gbé nǹkan bọ̀, ṣùgbọ́n oòrùn kì í wọ̀ bá ọ lọ́dọ̀ wa. Nítorí náà, ká ní o ní kí n gbé àpótí náà gun òrùlé, n bá ti máa wá àkàbà.

Níparí, o ní kí n bẹ ṣúmékà kí ó gbẹ́ òǹtẹ̀ rẹ̀, torí ọwọ́ tìrẹ kò mọ nǹkan gbígbẹ́ mọ́, pé rírà ni o ra èyí tí o ń lò. O sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn wọ̀ mí lára ju ká ní o sunkún lọ.

Mo ní n kò ní bẹ ṣúmékà, èmi fúnra mi ni n ó gbẹ́ ẹ. Mo mú bàtà sílípáàsì mi kan, mo gbẹ́ aago ilé ìwé sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, mo kọ "Ẹ KÁÀBỌ̀" sábẹ́ aago náà pẹ̀lú ọwọ́ tí mo fi ń kọ ojú pátákó. Nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, gbogbo ọ̀rọ̀ náà kẹ́yìn sí mi. Mo ní yíǹkì náà ni kò dára. Ìyá rẹ rẹ́rìn-ín títí tó fi di ilẹ̀kùn mú, ó ní ọmọ kíláàsì karùn-ún kan mọ èyí nígbà kan o. Òótọ́ ni, torí "Ọ̀GÁ" tìrẹ tààrà ló jáde. Mo wá ronú kan ọ̀nà àbáyọ: mo mú dígí kékeré ìyá rẹ, mo fi sínú àpótí náà, kí ẹni tó bá tẹ òǹtẹ̀ lè gbé dígí sí i, kí ó sì kà á bó ṣe yẹ.

Abọ́ ike oníderí líle tí ìyá rẹ ń kó ṣúgà sí ni mo fi ṣe àpótí. Mo mú un nígbà tí kò sí nílé. Mo ti fẹ́ fi bò, ṣùgbọ́n orí tábìlì ni mo da ṣúgà náà sí, èèrà sì ti gbọ́. Ẹ̀yìn ilé ìwé àtijọ́ ni mo gbé e pamọ́ sí. Ìtọ́sọ́nà tí mo kọ nìyí: "Dáhùn gbogbo ìbéèrè. Má ṣe wo ìwé ẹnìkejì rẹ. Dúró níbi tí a ti ń lu aago. Kẹ́yìn sí ọ́fíìsì ọ̀gá bí ọmọ tó ń sá fún ẹgba. Máa lọ títí dé ibi tí ògiri ti lanu fún aláǹgbá. Má bá aláǹgbá jà, òkúta tó ń jókòó lé ni kí o gbé. Ọwọ́ ìdọ̀tí kò ní gba máàkì."

O wá ní kí n dúró nídìí rẹ̀ kí n fi ibẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ lórí fóònù, kí o lè mọ̀ bóyá ilẹ̀ onílẹ̀ ni. Mo tẹ ibi tí o ní kí n tẹ̀. Fóònù ní òun yóò máa fi ibi tí mo wà hàn fún wákàtí mẹ́jọ. Mo ní ó dára, bí ìlànà bá ṣe wí nìyẹn, mo sì jókòó. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá dìde, àpótí náà yóò tẹ̀ lé mi lójú ẹ̀rọ, tí àwọn ènìyàn rẹ yóò wá máa wá a ní balùwẹ̀ wa. Ìyá rẹ gbé oúnjẹ àti agbòòrùn wá bá mi. Aládùúgbò wa tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Rédíò, torí ìròyìn kì í sùn lọ́dọ̀ rẹ̀, ń kọjá, ó ní ha, ọ̀gá, ta ló wá fìyà jẹ ẹ̀yin náà?

Níbẹ̀ ni mo ti ṣe àṣìṣe. O ti sọ pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan àpótí náà. Bí mo ṣe mọ̀ ọ́n sí, ohun tí a kò bá fẹ́ kí ọmọ fọwọ́ kàn, a ó kọ́kọ́ fi hàn án ni. Mo bá pe gbogbo àdúgbò jọ, mo gbé òkúta náà, mo fi àpótí hàn wọ́n, mo sì kìlọ̀ gidigidi. Rédíò ní kí ni wọ́n máa fi ṣe. Mo ní àwọn ènìyàn yóò ti ìlú ńlá wá ṣí i, wọn yóò sì ka ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹnu mi ló kó bá mi. Ìwọ náà rántí pé àpótí kan ṣoṣo tí abúlé yìí mọ̀ ni èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba gbé wá nígbà kan pé kí a kọ ẹ̀dùn ọkàn wa sínú rẹ̀, tí wọn kò sì padà wá kó. Nígbà tí mo fi máa lọ wo tèmi, ó ti kún dé ẹnu.

Ẹnì kan kọ̀wé nípa ẹ̀rọ omi tó dákẹ́. Ìyá tó ń ránṣọ ní kí àwọn ará ìlú ńlá bá òun wo ọmọkùnrin òun, ó ga, ó ní àpá lágbọ̀n, kí wọ́n sọ fún un pé ìyá rẹ̀ kò bínú mọ́, kí ó ṣáà pè. Rédíò fi ẹjọ́ ìyàwó rẹ̀ sùn. Ìyàwó Rédíò yí ìwé náà padà, ó fi ẹjọ́ Rédíò sùn lẹ́yìn rẹ̀. Ti ṣúmékà ló kẹ́yìn. Ó ní: "Sí ẹni tó bá kàn. Ọ̀gá ilé ìwé gba fèrè mi ní kíláàsì kẹta. Wọ́n ní n ó gbà á lópin táàmù. Táàmù ti parí. Ẹ bá mi bi wọ́n."

Ẹ̀rín pa mí. Lẹ́yìn náà ẹ̀rín náà gbẹ lẹ́nu mi, torí ọkùnrin tó kọ ìwé yìí ti ní ọmọ-ọmọ. Mo lọ sílé, mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù tí mo ń kó nǹkan àwọn ọmọ sí, mo mú fèrè náà lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù. Ó fi aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ nù ún, ó ní ọ̀gá, mo ti rò pé ẹ gbàgbé mi ni. Láti ìgbà náà ló ti ń fọn ọ́n. Kò tíì rí orin kan fọn yọrí, gbogbo àdúgbò sì mọ ẹni tó yẹ kí wọ́n bú.

Abẹ́ fèrè yẹn ni tìrẹ wà. Mo mú un, mo tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Ọmọ mi, mo rí ara mi: awò ojú tó ti yọ̀ sí imú, orí tí mo tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹnu tí mo máa ń là díẹ̀ bí mo bá ń ka ìwé yín. Kò sí fọ́tò mi kan tó ní ojú yẹn. O ti wò mí dáadáa kí o tó gbẹ́ ẹ. Lọ́jọ́ náà, àwọn ọmọ ń rẹ́rìn-ín, mo rò pé o fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni, n kò mọ̀ pé torí ó jọ mí ni wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín. Mo ní kí o dúró lórí pèpéle, kí o gbé bàtà tí o gé sókè kí gbogbo wọn rí i. Ìtìjú tèmi ni mo gbé wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni o wá béèrè rẹ̀. O kúnlẹ̀, mo ní ó ti jóná. O kò sunkún. O dìde, o lọ ṣe ìṣirò rẹ, inú mi sì dùn, mo ní ẹ̀kọ́ mi ti wọlé. Mo ti gbé e dé ìdí iná lóòótọ́, n kò lè jù ú sí i. Lẹ́yìn ìyẹn, bí ọdún ṣe ń gorí ọdún ni ó ń le sí i láti sọ.

Mo kọ́kọ́ ní kí n fi sínú àpótí náà, kí o bá a níbẹ̀ bí ìyanu nígbà tí ẹ bá dé. Mo sọ fún ìyá rẹ. Kò rẹ́rìn-ín rárá. Ó ní ṣé ẹ fẹ́ tún un fi pamọ́ fún un lẹ́ẹ̀kejì ni, kí ó tún wá máa wọ́ kiri inú igbó wá ohun tó jẹ́ tirẹ̀?

Ó ku ọ̀rọ̀ owó, ìwọ náà mọ̀ pé lẹ́tà mi kì í fo ibẹ̀. Bá mi fi díẹ̀ ránṣẹ́ kí n ra abọ́ ṣúgà mìíràn, nítorí inú ife ni ṣúgà wa wà báyìí, ojoojúmọ́ ni mo sì ń gbọ́ nípa rẹ̀. Fi páàdì yíǹkì tuntun kún un. Bí o bá sì rí ọmọkùnrin gíga kan tó ní àpá lágbọ̀n, jẹ́ iṣẹ́ ìyá rẹ̀ fún un.

Ohun tó jẹ́ tìrẹ kò ní pẹ́ lọ́wọ́ ẹlòmíràn mọ́. Ọmọ tí o bá bí yóò fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe ohun tó wù ú, ìwọ yóò sì ní ojú láti rí i. Àṣẹ.

Awakọ̀ ọkọ̀ àárọ̀ ti ń tẹ họ́ọ̀nù lẹ́nu ọ̀nà, ó ní bàbá, ẹ ṣe kíá, èrò ń bínú. Mo ti fi aṣọ funfun di òǹtẹ̀ náà àti ọ̀bẹ rẹ. N kò sọ pé torí rẹ̀ kí o wá sùn sílé wa. Bí o bá fẹ́ fúnra rẹ jù ú síná kí ọ̀rọ̀ mi ọjọ́ náà lè di òótọ́, ẹ̀tọ́ rẹ ni, n kò ní bi ọ́. Mo ń fi lé awakọ̀ lọ́wọ́ báyìí, pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Gbà á, ọmọ mi. Tìrẹ ni.

Èmi,
Bàbá rẹ.