Ẹ̀rọ Pínbọ́ọ̀lù Tí Mo Fi Sílẹ̀ fún Walter

Èmi, Theophilus Adébóyè Ògúnbánwò, atúnrédíòṣe ní Ìjẹ̀bú-Òde, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, ni mo ń kọ ìwé ìhágún yìí. Orí mi pé, kò sì sí ẹni tó dúró tì mí. Mo ti ilẹ̀kùn kí n tó bẹ̀rẹ̀. Mo fi Ọ̀gbẹ́ni Harold Fájọbí ṣe alámòójútó rẹ̀, nítorí òun nìkan ni kò tíì béèrè ohun tí n óò fún òun.

1. Ilé mi ní Ìbẹ̀fún di ti Helen, ìyàwó mi. Kí ó má fi ìwé ilẹ̀ náà han ẹnikẹ́ni tó bá ṣàdédé di ọ̀rẹ́ rẹ̀.

2. Irinṣẹ́ mi di ti Mọ́ṣádé, ọmọ mi. Sìkúrúdiráífà mẹ́tàdínlógún ni. Kí Harold tún un kà.

3. Ó ku ẹ̀rọ pínbọ́ọ̀lù inú ṣọ́ọ̀bù mi, tábìlì eré tó dà gẹ̀rẹ́ síwájú, tí oníbàárà ń sanwó láti gbá bọ́ọ̀lù irin kan nínú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń pè é ní páńtí, ẹ gbọ́ ohun tó ń mú ènìyàn padà sí ìdí rẹ̀. Bọ́ọ̀lù irin náà kì í gba ojú ọ̀nà kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Bí ó bá já bọ́ láàárín apá kékeré méjì tí a fi ń gbá a, ẹni tó ń gbá a gbọ́dọ̀ gbà pé ọwọ́ òun ló pẹ́, pé òun á mú un bí òun bá tún gbá a. Bí ó bá fura pé ẹ̀rọ ló rẹ́ òun jẹ, kò ní padà wá mọ́. Èmi àti Walter, àbúrò mi, la jọ gé páànù tí a fi ṣe òkè tí bọ́ọ̀lù ń gùn nínú rẹ̀. Òun ló ní kí iná rẹ̀ máa tàn níkọ̀ọ̀kan, kí ojú lè máa wá èyí tó kù. Èrò rere ni. N kò sọ fún un.

Ní 1983, bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ kíákíá, oníbàárà sì dínkù. Mo fura pé Walter ń gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ẹ̀rọ sókè. Mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sídìí ẹsẹ̀ náà. Àmì kò yẹ̀, síbẹ̀ mo ní ó ti tún un fà. Mo bú u, mo sì lé e lójú àwọn oníbàárà. Ohun tó sọ kò ju, “Bùrọ̀dá, ẹ wo ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù yín.” Mo rò pé ó ti ri nǹkan mọ́ ibẹ̀. Mo pe àlùfáà kí ó wá gbàdúrà sí i.

Ní ọdún méjì lẹ́yìn náà, mo ń fọ ṣọ́ọ̀bù, omi sì ṣàn lọ síwájú ẹ̀rọ, ó dúró síbẹ̀. Ilẹ̀ ti rì níbi tí àwọn oníbàárà ń dúró sí, ẹsẹ̀ iwájú ẹ̀rọ sì ti bá a lọ sílẹ̀. Èmi ni mo ní kí wọ́n dín sìmẹ́ǹtì rẹ̀ kù. Mo fi pákó sábẹ́ ẹsẹ̀ iwájú, bọ́ọ̀lù sì ń rìn bó ṣe yẹ. N kò ránṣẹ́ sí Walter. Mo fura pé á fi mí rẹ́rìn-ín.

4. Ẹ̀rọ náà di ti Walter. Kí Harold má dúró de ikú mi. Kí ó lọ sí Ìjagun, níbi tí Walter ń gbé, lọ́la, kí ó ka ìpín kẹta fún un lójú ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀, nítorí ojú ènìyàn ni mo ti bú u. Bí ó bá ní òun kò fẹ́ ẹ, kí Harold má bẹ̀ ẹ́. Èmi fúnra mi ni n óò lọ.

T. A. Ògúnbánwò
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹjọ, 1987

Àwọn ẹlẹ́rìí: Rachel Ọ̀ṣuntóyìn, olùkọ́, George Fáyọ̀kẹ́, télọ̀. Wọ́n rí mi bí mo ṣe ń fọwọ́ sí i. N kò jẹ́ kí wọ́n kà á.