Noris, Èwo Ni Kí N Mú Nínú Síǹkì Méjèèjì?

El Guayuyo,
Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn òjò.

Noris ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Wilkin ọkọ rẹ ńkọ́? Yeimi ọmọ ọmọ mi ńkọ́, ṣé eyín iwájú rẹ̀ ti hù? Ọlọ́run tó mú ìjì ọdún yìí gba ẹ̀yìn òkè wa kọjá láìṣí òrùlé ẹnì kankan ni yóò máa ṣọ́ yín ní Santo Domingo, kò ní jẹ́ kí ẹ yọ̀ ṣubú lórí àtẹ̀gùn gíga ilé yín yẹn. Ara mi le. Orúnkún nìkan ló ń rojọ́, òwúrọ̀ nìkan ló sì máa ń rò ó. Adìyẹ dúdú yẹn ti pa ọmọ mẹ́jọ. Igi píà tí bàbá rẹ gbìn kó tó kú ti so, ó so débi pé mò ń pín in kiri gbogbo ilé, torí èmi nìkan, píà mélòó ni mo fẹ́ jẹ.

Fọ́tò síǹkì méjì tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù Zunilda aládùúgbò wa ti dé. Mo rí èyí tó dúró lórí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, mo rí èyí tó jókòó lórí kọ́bọ́ọ̀dù. O ní kí n mú ọ̀kan, pé bíríkìlà ti fẹ́ parí balùwẹ̀, àti pé tó bá ti parí ẹ ó wá ṣe Kérésì lọ́dọ̀ mi, torí Yeimi ń bẹ̀rù ṣáláńgá. Mo ti gbọ́. Mo dojú fóònù náà délẹ̀ kí n lè rí ẹ̀yìn síǹkì, Zunilda ní Ofelina, ẹ̀yìn fóònù nìyẹn, ṣé o fẹ́ fi ẹ̀rín pa mí ni. Nígbà tí òun náà wo ẹlẹ́sẹ̀ kan yẹn dáadáa, ó ṣe àmì àgbélébùú, ó ní ó jọ àwo ìrìbọmi ṣọ́ọ̀ṣì wa gẹ́lẹ́, ó ní ṣé balùwẹ̀ mi ni Fáda á ti máa ṣèrìbọmi fún àwọn ọmọ tuntun ni. O mọ ẹnu Zunilda.

Fọ́tò kò sọ bí omi tí wọ́n ń gbà ṣe pọ̀ tó, nítorí náà lọ́jọ́ Ajé mo gun ọ̀kadà lọ sí ìlú, sí ṣọ́ọ̀bù ńlá tí wọ́n ti ń ta sìmẹ́ńtì àti páìpù. Mo gbé gálọ́ọ̀nù omi kan lé itan, torí ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Sátidé nìkan ni omi ń dé ọ̀dọ̀ wa, ohun tí kò bá sì lè tọ́jú omi de ọjọ́ tí kò sí, kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Síǹkì méjèèjì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Mo ṣí ẹnu ẹ̀rọ ti àkọ́kọ́, kò sí omi. Mo ṣí ti èkejì, kò sí. Mo kí ọkùnrin onírùngbọ̀n tó ń tajà pé ẹ kú ìfaradà, mo ní omi ò dé ọ̀dọ̀ tiyín náà lónìí. Ó rẹ́rìn-ín, ó lọ dá ẹlòmíràn lóhùn. Mo bá fi ìka kan ẹsẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ kan yẹn, ó dún bí ohun tí inú rẹ̀ ṣófo, mo ní áà, inú ibí ni wọ́n ń tọ́jú omi sí, àwọn tó ṣe é gbọ́n. Mo da gálọ́ọ̀nù mi sí i kí n lè mọ iye tó ń gbà. Noris, gbogbo rẹ̀ ló jáde sórí bàtà ṣọ́ọ̀ṣì mi, ó ṣàn lọ sábẹ́ àwọn àpò sìmẹ́ńtì. Ọkùnrin náà sáré dé, ó ní Màmá, Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé oko lẹ pe ibí ni, kí lẹ ń bomi rin! Ó ní fún wíwò lásán ni wọ́n gbé e síbẹ̀, kò sí páìpù lábẹ́ rẹ̀, kò sì sí síǹkì tó ń tọ́jú omi láyé yìí. Mo bá a nu ilẹ̀. Ojú tì mí, àmọ́ mo ṣì rò pé wọ́n fi ẹsẹ̀ yẹn ṣòfò.

Lẹ́yìn náà ó fi sùúrù ṣí kọ́bọ́ọ̀dù ti èkejì hàn mí. Àpótí mẹ́rin tí wọ́n ń fà jáde ló wà lára rẹ̀. Mo fa àkọ́kọ́, mo ní ọṣẹ mi àti kóòmù mi nìyí. Mo fa èkejì, mi ò mọ ohun tí màá fi sí i, mo rọra tì í padà. Ó ní kọ́bọ́ọ̀dù ń fi páìpù pamọ́. Mo ní kí ló ṣe tí a fi ń fi í pamọ́, tó bá ń jò báwo ni màá ṣe mọ̀? Ó ní Màmá, ọ̀rọ̀ yín pọ̀ ju omi tí ẹ gbé wá lọ, ẹ sọ ẹyọ kan fún mi, èèyàn mélòó ló máa lo balùwẹ̀ yìí? Ó ní tó bá jẹ́ ẹnì kan, ẹlẹ́sẹ̀ kan ti tó, kì í gbàyè, ẹ ò sì ní máa nu kọ́bọ́ọ̀dù òfìfo. Tó bá jẹ́ ìdílé, oníkọ́bọ́ọ̀dù ni, kí kálukú lè ríbi kó nǹkan rẹ̀ sí.

Mo ní mẹ́rin. Ẹnu mi ló yá. Ó ti ń kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tó bi mí pé ṣé gbogbo yín lẹ jọ ń gbé. Mo rántí Kérésì tó kọjá tí o ní ọ̀nà bàjẹ́, àti Ọ̀sẹ̀ Mímọ́ tí Wilkin ò ráàyè kúrò níbi iṣẹ́, àti Ọjọ́ Ìyá tí mo se ọbẹ̀ sancocho ìkòkò ńlá, tí mo fi ọjọ́ mẹ́ta dá a jẹ. Mo ní kó fi kálámù sílẹ̀ ná, mo fẹ́ bi ọmọ mi.

Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ lẹ́tà, tí mi ò ní kí Zunilda bá mi fi ohùn ránṣẹ́, torí mi ò fẹ́ kó gbọ́. Ìbéèrè ọkùnrin yẹn, ìwọ lo lè dáhùn rẹ̀. Má torí kí inú mi lè dùn parọ́ fún mi. Tó bá jẹ́ mẹ́rin, fi owó oníkọ́bọ́ọ̀dù ránṣẹ́, ṣùgbọ́n kọ́kọ́ yọ owó ọkọ̀ ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀, èyí tó bá ṣẹ́kù ni ká fi ra síǹkì, tí kò bá tó, a ó gbé abọ́ lé orí àga. Tó bá jẹ́ ẹnì kan, má fi pésò kankan ránṣẹ́. Garawa ẹnu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ń ṣe ẹnì kan dáadáa, ó sì ti mọ́ mi lára.

Láti ìgbà tí fọ́tò ti rọ́pò ohùn rẹ, mi ò gbọ́ kí o tọrọ ìbùkún lọ́wọ́ mi mọ́, ṣùgbọ́n mò ń dá ọ lóhùn láràárọ̀: kí Ọlọ́run bùkún fún ọ, ọmọ mi, kó darí ẹsẹ̀ yín sọ́nà ilé.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ofelina.