Ẹgbẹ́ Oníkáàdì Ayépé

Ayọ̀kúnmi ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ọlọ́run tó mú ọ jáde nílé wa kò ní jẹ́ kí Èkó gbé ọ mì. Gbogbo wa ń bẹ, àfi orúnkún mi yìí. Lílóṣòó sí ṣáláńgá ti wá di ìjà. Lọ́jọ́ kan, Mùtíátù ará ilé kejì ló fà mí dìde bí ẹni ń fa ẹ̀gẹ́ tu. Mo ní ó tó gẹ́ẹ́.

Ìjẹ̀bú-Òde ti yí padà o. Ibi tí káfíńtà ti ń kan ilẹ̀kùn fún wa tẹ́lẹ̀, ilé ìtajà ńláńlá ló kún ibẹ̀ báyìí, mẹ́ta láàárín ọdún kan, wọ́n ń ta táìlì ilẹ̀, ìkòkò, àga, gbogbo ohun tí ilé ń lò. Mo wọ ọ̀kan, mo ra ìjókòó ilé ìyàgbẹ́ funfun, mo sanwó lójú ẹsẹ̀, wọ́n ní àwọn yóò fi ọkọ̀ gbé e wá bá mi nílé. Jessica, ọmọbìnrin tó gbowó, ní ṣé mo fẹ́ di ọmọ ẹgbẹ́ wọn, ó wá bèèrè ọjọ́ ìbí mi. Mo mọ̀ pé ọlọ́gbọ́n ni wọ́n, régbérégbé, ẹgbẹ́ àwọn ojúgbà mi, ni wọ́n fẹ́ fi mí sí, torí Ìjẹ̀bú kì í gbani sẹ́gbẹ́ láìmọ ọjọ́ orí ẹni. Ó fún mi ní káàdì. Mo bi í pé ta ni alága, ó ní kò sí. Ẹgbẹ́ tí kò ní alága!

Nígbà tí ọjọ́ ìbí mi pé, wọ́n fi àtẹ̀jíṣẹ́ kí mi lórí fóònù, wọ́n ṣàdúrà fún mi. Ìwọ tí mo bí kò rántí. Mo fi àdúrà gígùn fèsì, wọn ò ṣàmín.

Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, wọn ò gbé ẹrù mi dé. Wọ́n ní ọkọ̀ wọn kì í torí ẹrù ẹyọ kan wá sí Ayépé. Èmi tí mo ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù fún ọdún mẹ́rìndínlógún, ṣé kí n wá máa lóṣòó lọ? Mo wádìí, a jẹ́ mọ́kànlá tó ní káàdì yẹn níbí, ẹrù márùn-ún ló sì há sọ́hùn-ún. Mo pe ìpàdé. Bàbá Bọ́dúnrìn, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, ní káàdì lásán ni, kí wọ́n lè máa dín owó ọjà kù fúnni. Mo ní ṣé wọ́n bèèrè ọjọ́ ìbí rẹ̀ àbí wọn ò bèèrè. Ó ní wọ́n bèèrè. Wọ́n fi mí ṣe alága, wọ́n fi òun ṣe akápò.

Lọ́jọ́ Ajé, àwa mọ́kànlá lọ bá Theophilus, ọ̀gá ilé ìtajà náà. Mo ní kó dìde kí ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ranjú bí ẹni tí àna ká mọ́ balùwẹ̀. Mo ka ìwé ìpàdé sí i létí: ẹrù márùn-ún, ìlú kan, ọkọ̀ kan. Ó ní lọ́la. Mo ní lónìí. Kó tó di ago mẹ́ta, ọkọ̀ ti dé.

Orí ìjókòó náà ni mo wà ní pálọ̀ tí mo fi ń kọ lẹ́tà yìí, torí kò tíì sí omi fún un. Orúnkún mi ò tíì fẹjọ́ sùn. Fi owó oníṣẹ́ páìpù ránṣẹ́ kó tó di Ọjọ́bọ̀, má sọ fún mi pé ìparí oṣù. Mo sì gbọ́ pé ìwọ náà ní káàdì yìí l'Ékòó. A ti kọ orúkọ rẹ sínú ìwé, o ò wá sípàdé. Fi owó ìtanràn rẹ kún un.

Ọlọ́run yóò fún ọ ní ilé tí wàá ti jókòó, tí ara yóò tù ọ́.

Ìyá rẹ,
Susannah,
Alága.