Kókó Tó Wà Lọ́yàn Mi
Igbó-Elérin, Ọ̀jọ́, 1993.

Ọládàpọ̀ àbúrò mi,

Ṣé ara ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ le? Orúnkún Bàbá ti fúyẹ́ díẹ̀.

Ojú ń tì mí o. Kókó kan wà lọ́yàn mi tí mo ń fi pamọ́, títí ọkọ mi fi rí i, tó sì mú mi lọ sílé ìwòsàn. Dókítà gé díẹ̀ níbẹ̀ wò, ó ní, “Màmá, èyí kò tó láti mọ̀ bóyá jẹjẹrẹ ni.” Mo wá rántí maikirosíkópù tuntun ilé àyẹ̀wò tó o ti ń ṣiṣẹ́, tó o ní ó ń fi inú kókó hàn látòkè dé ìsàlẹ̀. Dókítà ti fi ẹran tó gé náà ránṣẹ́ sí yín. Ìwọ tí mo pọ̀n dàgbà ni yóò wá wo ọyàn mi! Jọ̀ọ́, wò ó dáadáa. Èmi ni kó o kọ́kọ́ sọ fún, má sọ fún Bàbá.

Ojú rẹ kò ní ríbi.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Abọ́sẹ̀dé